Òrùka Lẹ́sẹ̀ Ẹyẹ Òkun: Ìtàn Ìmọ̀ Tí A Pín sí Méjì

Ní ọjọ́ 3 oṣù Keje ọdún 1913, ní erékùṣù kékeré kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Eastern Egg Rock, ní etí òkun ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi òrùka irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sí ẹsẹ̀ ẹyẹ òkun kan. Nọ́ńbà wà lára òrùka náà. Ọdún mẹ́rin kọjá. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1917, wọ́n rí òkú ẹyẹ náà lójú omi ní gúúsù Nàìjíríà, níbi tí Odò Ọya ti ń pín sí ẹ̀ka-ẹ̀ka kí ó tó wọ inú òkun. Nọ́ńbà yẹn ni ó sọ ibi tí ó ti wá. Títí di ìgbà náà, nínú gbogbo ẹyẹ tí wọ́n ti fi òrùka sí lẹ́sẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kò tíì sí ọ̀kan tí a rí ẹ̀rí pé ó la Òkun Àtìláńtíìkì kọjá. Etí òkun tiwa ni ẹ̀rí náà ti jáde.

Ẹnìkan lè bèèrè pé kí ni ó kan Pira nínú ọ̀rọ̀ ẹyẹ òkun. Láti Pira, ní kọmúùnù Bantè, dé etí òkun ju igba kìlómítà lọ. Oko iṣu, oko kajú, òkè àti pápá ni ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ìtàn bí ayé ṣe mọ ọ̀nà tí ẹyẹ ń gbà jẹ́ ìtàn ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ inú ìwé àti ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò wọ̀ ọ́. Ní ti èyí, ará Pira àti apẹja Grand-Popo ń bẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan náà. Nítorí náà ni mo ṣe rò pé ó yẹ kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní pàtàkì, mọ ìtàn yìí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìdajì ọdún níhìn-ín, ìdajì ọdún lọ́hùn-ún

Ẹyẹ tí ó ń ṣí kiri a máa ṣe onílé níbì kan, a sì máa ṣe àlejò níbòmíràn. Ẹni tí ó wà ní ìhà kan rí i nígbà tí ó dé, ó sì rí i nígbà tí ó lọ. Kò rí ibi tí ó lọ. Ohun tí ojú kò bá sì tó, àròsọ ni ènìyàn fi í dí i.

Ní ilẹ̀ Òyìnbó, àròsọ náà pẹ́. Aristotle, ọlọ́gbọ́n ará Gíríìkì tí ó gbé ayé ní nǹkan bí 2,300 ọdún sẹ́yìn, mọ̀ pé àwọn ẹyẹ kan ń rin ìrìn-àjò jíjìn. Síbẹ̀ ó kọ ọ́ pé alápàńdẹ̀dẹ̀ a máa fara pamọ́ sínú ihò nígbà òtútù. Ní 1555, Olaus Magnus, àlùfáà àgbà ará Sweden, kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn alápàńdẹ̀dẹ̀ ń sùn sí ìsàlẹ̀ omi, pé àwọn apẹja a sì máa fi àwọ̀n gbé wọn jáde. Àwọn ọ̀mọ̀wé gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́ fún ìgbà pípẹ́, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè sọ ibòmíràn tí àwọn ẹyẹ náà wà láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta.

Ní 1822 ni ohun kan ṣẹlẹ̀ tí ó mi àròsọ náà. Ní ẹ̀gbẹ́ abúlé Klütz, ní àríwá Jámánì, wọ́n yìnbọn pa ẹyẹ ńlá ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kan, irú èyí tí àwọn Faransé ń pè ní *cigogne*. Ọfà gígùn kan gún un ní ọrùn, ó sì ń gbé e fò kiri. Igi ọfà náà kì í ṣe igi Jámánì. Àárín gbùngbùn Áfíríkà ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ. Ẹyẹ náà àti ọfà rẹ̀ ṣì wà ní Yunifásítì Rostock títí di òní, àwọn ará Jámánì sì ń pè é ní *Pfeilstorch*. Ẹ jẹ́ kí a ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Lára àwọn ẹ̀rí àkọ́kọ́ tí ó ṣeé fọwọ́ dì mú pé ẹyẹ Yúróòpù ń dé Áfíríkà ni ọfà yìí, iṣẹ́ ọwọ́ ọdẹ Áfíríkà sì ni. Ọdẹ náà ta ọfà láti jẹun. Kò mọ̀ pé ìwé ni òun kọ ránṣẹ́ sí Jámánì.

Ní ilẹ̀ tiwa ńkọ́? Àwa náà mọ ìdajì tiwa. Kò sí ọmọ Yorùbá tí ó dàgbà sí oko tí kò mọ lékeléke, tí kò na ìka sí i rí láti tọrọ funfun fún èékánná. Ó máa ń tẹ̀ lé màlúù àwọn Fúlàní láti ṣa kòkòrò tí ẹsẹ̀ màlúù ń rú sókè. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó pọ̀ jù ní ìhà gúúsù. Bí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, púpọ̀ nínú wọn á forí lé àríwá láti lọ yé ẹyin. Àgbẹ̀ kò nílò ìwé kí ó tó mọ èyí. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ àgbẹ̀ náà dúró sí ẹnu. Bí ó bá kú, ìdajì rẹ̀ a lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Olùkọ́ kan ní Viborg

Ọ̀nà tí wọ́n fi so ìdajì méjèèjì pọ̀ rọrùn púpọ̀. Ní 1899, Hans Christian Mortensen, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ní ìlú Viborg ní Denmark, gé alumíníọ̀mù sí òrùka kéékèèké, ó kọ nọ́ńbà àti àdírẹ́sì sí i, ó sì fi wọ́n sí ẹsẹ̀ ẹyẹ 165. Ó ti fi irin mìíràn gbìyànjú ṣáájú, ṣùgbọ́n ó wúwo jù fún ẹyẹ. Alumíníọ̀mù fúyẹ́, kò sì ń dípẹtà. Ẹni tí ó bá rí ẹyẹ náà, láàyè tàbí lókùú, lè kọ̀wé sí àdírẹ́sì náà. Kò sí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Láàárín ọdún díẹ̀, àwọn ẹlòmíràn tẹ̀ lé e. Johannes Thienemann dá ibùdó ìwòye ẹyẹ sílẹ̀ ní Rossitten, ní etí òkun Baltic, ní 1901. Ní 1909 ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní Britain. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1911, wọ́n fi òrùka sí ẹsẹ̀ alápàńdẹ̀dẹ̀ kan ní Staffordshire, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1912, wọ́n rí i ní Natal ní Gúúsù Áfíríkà. Báyìí ni ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ omi ṣe parí. Nígbà tí ẹyẹ Maine yóò fi dé ẹnu Odò Ọya ní 1917, ayé ti ń mọ̀ pé ọ̀nà ojú ọ̀run wà láti ìhà àríwá dé ìhà gúúsù, àti pé etí òkun Áfíríkà jẹ́ ibùdó pàtàkì lójú ọ̀nà náà.

Etí òkun wa ní oṣù Kejì títí dé oṣù Kẹrin

Ohun tí àwọn ará Yúróòpù ń pè ní ìgbà ìrúwé bọ́ sí ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń parí lọ lọ́dọ̀ wa, tí àkọ́rọ̀ òjò sì ń súnmọ́. Ní àkókò yìí, àwọn ẹyẹ òkun tí wọ́n lo ìgbà òtútù ní gúúsù Áfíríkà àti ní ìtòsí ibẹ̀ máa ń padà sí àríwá. Èyí tí ó pọ̀ jù lára wọn ni àwọn tí Faransé ń pè ní *sterne*: ẹyẹ funfun tẹ́ẹ́rẹ́, orí dúdú, ìyẹ́ gígùn, ìrù tí ó là sí méjì bíi ti alápàńdẹ̀dẹ̀. Oríṣiríṣi ni wọ́n: *sterne pierregarin*, *sterne caugek*, *sterne de Dougall*, *sterne arctique*, àti *guifette noire* tí ó kéré jù wọ́n lọ.

Àwòrán ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń wò wọ́n. Etí òkun Áfíríkà gòkè láti Gabon dé Kamẹrúùnù, ó wá yí sí ìwọ̀-oòrùn, ó gba Èkó, Kútọnu, Grand-Popo àti Lomé kọjá. Ẹyẹ tí ó bá ń tẹ̀ lé etí òkun láti padà sí Yúróòpù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fò lọ sí ìwọ̀-oòrùn lọ́dọ̀ wa. Nítorí náà, ẹni tí ó bá dúró ní Grand-Popo, tí ó kọjú sí òkun, láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún ni yóò máa rí wọn. Ní oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá, nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀, láti ọ̀tún sí òsì ni.

Ní Èkó, Ian Wallace, ará Britain, fojú sọ́ òkun ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ó sì tẹ ohun tí ó rí nípa àwọn ẹyẹ òkun Èkó àti ti Gulf of Guinea jáde nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ *Ibis* ní 1973. Ní ti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, ó di 2019 kí Françoise Dowsett-Lemaire àti Robert Dowsett tó tẹ ìwé ńlá kan tí ó kó gbogbo ẹyẹ orílẹ̀-èdè méjèèjì pọ̀. Iṣẹ́ ńlá ni iṣẹ́ àwọn wọ̀nyí, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kí ó tó di pé ẹnikẹ́ni fi awò jíjìn wo òkun níbẹ̀, àwọn apẹja ti ń wò ó. Apẹja kì í wo ẹyẹ fún ìgbádùn. Ibi tí ẹyẹ òkun bá ti ń já lulẹ̀ sínú omi ni ẹja kéékèèké wà, ibẹ̀ sì ni àwọn ẹja ńlá tí ń lé wọn wà pẹ̀lú. Àwọn Ẹ̀wẹ̀ láti Keta tí wọ́n gbé àwọ̀n gígùn wọn láti Gánà dé Tógò àti Bẹ̀nẹ̀, àti àwọn Ìlàjẹ tí wọ́n ń sọ Yorùbá, tí wọ́n ń lépa ẹja láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè, ẹyẹ ni wọ́n fi ń ka òkun bí a ti ń ka ìwé.

Ìdí tí ẹyẹ fi ń dúró sí etí òkun wa kò sì ju ẹja náà lọ. Ní ọdọọdún, láti oṣù Keje dé oṣù Kẹsàn-án, omi tútù máa ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun ní iwájú Côte d'Ivoire àti Gánà. Agbára rẹ̀ ń dín kù bí ó ti ń bọ̀ sí ìhà Tógò àti Bẹ̀nẹ̀. Omi yìí ń gbé oúnjẹ wá fún ẹja *sardinelle*, tí ó jẹ́ ìbátan ẹja ṣáwá. Nígbà tí *sterne* bá dé láti Yúróòpù, oúnjẹ ti wà nílẹ̀.

Ẹjọ́ àwọn ọmọdé Gánà

Ibi tí ìtàn náà ti di ọ̀rọ̀ ẹjọ́ nìyí. Ní àwọn ọdún 1960, *sterne de Dougall* tí ń pa ẹyin ní Ireland, Britain àti France ju takọtabo 3,000 lọ. Nígbà tí àwọn ọdún 1980 fi ń parí lọ, wọn kò tó 1,000 mọ́. Àwọn onímọ̀ ń wá ohun tí ó pa wọ́n. Wọ́n ṣí ìwé òrùka wò, wọ́n sì rí i pé Gánà ni púpọ̀ nínú àwọn òrùka náà ti ń padà wá. Àwọn ọmọdé etí òkun ni wọ́n ń fi okùn àti ìwọ̀ tí a fi ẹja sí mú àwọn ẹyẹ náà lórí iyanrìn, fún eré, fún jíjẹ, tàbí láti rí owó díẹ̀ gbà. Kíá ni ìka tọ́ sí àwọn ọmọ wọ̀nyí.

Òótọ́ ni pé wọ́n mú ẹyẹ. Òótọ́ ni pé ẹyẹ tí a mú kò padà sílé mọ́, àti pé ọmọ ẹyẹ tí ó kọ́kọ́ dé Áfíríkà kò mọ ìdẹkùn. Èmi kò ní fi ẹnu fẹ́rẹ̀ wẹ ẹnikẹ́ni mọ́. Ṣùgbọ́n òpìtàn gbọ́dọ̀ bèèrè bí ẹ̀rí ṣe dé ọwọ́ adájọ́. Ẹyẹ tí ebi pa lójú òkun kì í dá òrùka padà. Ẹyẹ tí ẹyin rẹ̀ bàjẹ́ ní Ireland kò ní òrùka tí yóò sọ ọ́. Ọmọ tí ó mú ẹyẹ lórí iyanrìn nìkan ni ó ní òrùka lọ́wọ́. Bí àgbàlagbà kan bá bá a fi ránṣẹ́, ó ti fi ara rẹ̀ sùn nìyẹn. Bí a bá fi òrùka nìkan ṣe ìdájọ́, ẹni tí ó jẹ́wọ́ ni yóò máa ru ẹ̀bi ẹni tí kò sọ̀rọ̀.

Ohun méjì mìíràn sì ṣẹlẹ̀ ní àkókò kan náà. Àkọ́kọ́, ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù tí *sterne de Dougall* pọ̀ sí jù lọ ní Yúróòpù, Tern Island ní èbúté Wexford ní Ireland, ni ìjì òkun gbá lọ ní àwọn ọdún 1970. Àwọn ẹyẹ padà dé ní ìgbà ìrúwé, wọn kò bá ilé. Èkejì, lẹ́yìn ìkórè ńlá tí àwọn apẹja ṣe ní 1972, ẹja *sardinelle* wọ́n gidigidi ní òkun Gánà. Ẹyẹ àti ọmọ apẹja, ebi kan náà ni ó pa wọ́n. Ta ni yóò wá sọ pé ọwọ́ ọmọdé nìkan ni ó ṣe gbogbo rẹ̀?

Ohun tí ó yẹ kí a yìn ni pé àwọn tí ó ń ṣe ìtọ́jú ẹyẹ kò dúró sí ẹ̀sùn. Ní 1985, ìjọba Gánà àti àwọn ẹgbẹ́ olùtọ́jú ẹyẹ láti Britain àti láti àgbáyé dá iṣẹ́ kan sílẹ̀ fún ẹyẹ etí òkun. Wọ́n wọ ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n dá ẹgbẹ́ ọmọdé sílẹ̀, wọ́n sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ láti máa ka ẹyẹ. Láti inú iṣẹ́ yìí ni Ghana Wildlife Society ti jáde ní 1991. Ní ìhà kejì, àwọn ará Ireland ń ṣọ́ erékùṣù Rockabill lójú méjèèjì, takọtabo tí ó wà níbẹ̀ nìkan sì ti ju 1,000 lọ báyìí. Àtúnṣe bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìhà méjèèjì gbà pé ẹyẹ kan náà ni àwọn jọ ní.

Ohun tí ó kan odò wa

Lónìí, òrùka ti ní àbúrò. Ní 2007, wọ́n fi ẹ̀rọ tí kò tó gírámù méjì sí ẹsẹ̀ àwọn *sterne arctique* ní Greenland àti Iceland. Ẹ̀rọ náà ń ka ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ìmọ́lẹ̀ náà sì ni ó ń sọ ibi tí ẹyẹ wà. Wọ́n rí ẹ̀rọ 11 gbà padà. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2010. Ẹyẹ tí kò wúwo ju ẹyin adìẹ méjì lọ ń fò nǹkan bí 70,900 kìlómítà lọ́dún kan, láti àríwá ayé dé gúúsù ayé àti padà. Nígbà tí wọ́n dé ìtòsí Cape Verde, wọ́n pín sí méjì: àwọn kan gba etí òkun Áfíríkà, àwọn mìíràn gba ti Brazil.

Ẹ̀rọ lè tọ́ka sí ọ̀nà; kò lè tọ́jú ibi ìsinmi. Bẹ̀nẹ̀ wà nínú àdéhùn tí wọ́n ṣe ní The Hague ní 1995 fún àwọn ẹyẹ omi tí ń ṣí kiri láàárín Áfíríkà àti Yúróòpù. Ní 2000, ó fi ilẹ̀ olómi ńlá méjì sábẹ́ Àdéhùn Ramsar: ọ̀kan ní ìhà Couffo, ọ̀sà etí òkun àti Ahémé, èkejì ní ìhà ìsàlẹ̀ Ouémé, ọ̀sà Àjàṣẹ́ àti Nokoué. Ní 2017, UNESCO gba ẹkùn Mono, tí Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò jọ ni, sí ara àwọn ibi tí ayé ń tọ́jú.

Níbí yìí ni Pira tún wọlé. Ilẹ̀ Bantè wà láàárín odò ńlá méjì: Ouémé ní ìlà-oòrùn, Mono ní ìwọ̀-oòrùn lọ́hùn-ún ní Tógò. Láti òkè ni àwọn odò wọ̀nyí ti ń gbé iyanrìn lọ sí ìsàlẹ̀. Ìṣẹ́pẹ́ iyanrìn tí *sterne* ń sinmi lé ní Bouche du Roy, níbi tí Mono ti ń wọ òkun, láti ilẹ̀ àárín gbùngbùn ni púpọ̀ rẹ̀ ti wá. Láti ìgbà tí ìdídò Nangbéto ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1987, ó ń dá apá kan iyanrìn náà dúró. Èbúté tí wọ́n kọ́ sí Lomé àti Kútọnu ní àwọn ọdún 1960 náà sì dí ọ̀nà iyanrìn tí ń rìn lẹ́bàá òkun. Òkun ń jẹ ilẹ̀, ó ń jẹ ilé apẹja, ó sì ń jẹ ibi tí ẹyẹ ń sùn. Ohun tí a bá ṣe sí igbó àti odò lókè yóò dé etí òkun, bí ó tilẹ̀ pẹ́.

Kí ni ẹgbẹ́ bíi tiwa lè ṣe? Èmi rò pé iṣẹ́ òpìtàn ni ó kọ́kọ́ jẹ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú ìwé kan, kí ó kọ ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ rí lékeléke lẹ́yìn òjò, ọjọ́ tí alápàńdẹ̀dẹ̀ pọ̀ lójú ọ̀run, ọjọ́ tí àwòdì dé àti ọjọ́ tí ó lọ. Kí ó bi àwọn bàbá àti ìyá wa àgbà ní orúkọ tí ohùn Pira ń pe ẹyẹ kọ̀ọ̀kan, kí ó kọ ọ́ bí wọ́n ti pè é, kí ó má ṣe yí i sí ti ìlú mìíràn. Kí ó kọ orúkọ ẹni tí ó sọ fún un pẹ̀lú, bí ẹni náà bá gbà, nítorí pé onímọ̀ ni. Bí ẹnikẹ́ni bá sì rí òrùka lẹ́sẹ̀ ẹyẹ, kí ó má bẹ̀rù: kí ó da nọ́ńbà àti àdírẹ́sì tí ó wà lára rẹ̀ kọ, kí ó sọ ibi àti ọjọ́ tí ó rí i, kí ó sì fi ránṣẹ́. Bí ẹyẹ náà bá wà láàyè, kí ó jẹ́ kí ó máa lọ.

Bí a bá ṣe èyí fún ọdún mẹ́wàá, a ó ní ìwé kan tí kò sí ẹlòmíràn tí ó lè kọ ọ́ fún wa, nítorí pé àwa ni a wà níbí nígbà tí àwọn ẹyẹ bá dé.